Ohun tí kíkọ subtitle kọ́ mi nípa àwa ọmọ Nàìjíríà

Lọ́dún 2001 tí mo lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà, ilé ìwé girama kan ni wọ́n pín mi sí, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè ní kíláàsì, mo rò pé iṣẹ́ tí mo kọ sójú pátákó ló fẹ́ bèèrè, àṣé nǹkan míì ló wà nínú ẹ̀. Ó ní Málàmá, ṣé òótọ́ ni pé lọ́dọ̀ tiyín, téèyàn bá fẹ́ lówó, á mú ìyá ẹ̀ tàbí ìyàwó ẹ̀ lọ bá bàbá kan nínú igbó, wọ́n á pa á, owó á wá máa ya jáde látinú igbá. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ o, àwọn tó kù náà dákẹ́, gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, ó ní nínú fíìmù ni. Mo ní irọ́ ni, eré lásán ni. Ó tún wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n Málàmá, ẹ̀yin náà lẹ ṣe fíìmù yẹn."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Agogo lù, mo kó ìwé mi, mo jáde.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ subtitle, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń wà nísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá, iṣẹ́ yẹn ni mo fi jẹun fún bí ọdún méje, mo kúrò níbẹ̀, mo tún ti padà sí i báyìí. Nínú gbogbo ọdún yẹn ọ̀rọ̀ ọmọ Kàtsínà yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí iṣẹ́ náà ló jẹ́ kí n rí i pé ìjọba kọ́ ló ń sọ fún ọmọ Nàìjíríà kan irú èèyàn tí ọmọ Nàìjíríà kejì jẹ́. Fíìmù ló ń sọ ọ́, rédíò ló ń sọ ọ́, orin ló ń sọ ọ́, àwọn tó sì ń pinnu ohun tí wọ́n máa sọ kì í pọ̀, ẹlòmíì nínú wọn wà nínú yàrá kékeré kan ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀, bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Èkìtì ni mo ti wá, màmá àgbà mi ò pe rédíò ní rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é. Mo dàgbà kí n tó gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ó máa bá ẹ wí nínú ilé ẹ, o ò ní lè dá a lóhùn. Ìgbà tí mo wá kà nípa bí tẹlifíṣàn ṣe dé ilẹ̀ wa ni mo rí i pé àwọn àgbà ò ṣèèṣì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Lọ́dún 1953 tí ọ̀rọ̀ òmìnira dá wàhálà sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bọ́ sórí rédíò, ó dá àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, lẹ́bi, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kóun fèsì, wọn ò fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá rédíò àti tẹlifíṣàn tiwọn sílẹ̀, WNTV sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí wọ́n ń pariwo pé àwọn làkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Èmi máa ń rò ó pé èsì ni tẹlifíṣàn yẹn. Èsì tí wọn ò jẹ́ ká fún asọ̀rọ̀mágbèsì la kọ́lé fún.

Àmọ́ nígbà tí ìjọba ológun fi òfin ọdún 1977 kó gbogbo tẹlifíṣàn àwọn ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA, ohùn tún di ọ̀kan. Ìgbà tèmi nìyẹn, mi ò mọ òmíràn. Tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, orin ìròyìn yẹn máa dún, bàbá mi máa nawọ́ pé ká dákẹ́, ilé kejì ń gbọ́ ọ, ilé kẹta ń gbọ́ ọ, téèyàn bá ń rìn lójú títì kò ní pàdánù ọ̀rọ̀ kan torí fèrèsé kan máa bá a sọ èyí tí fèrèsé ìṣáájú ò parí. Ìyẹn tí NEPA bá mú iná wá ṣá. Mo gbà nígbà náà pé gbogbo Nàìjíríà ló ń gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́, ní wákàtí tí mò ń gbọ́ ọ. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ mọ ara mi ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan nìyẹn, kì í ṣe inú ìwé síbíìkì.

Kàtsínà ló wá là mí lójú. Àwọn bàbá tó ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé tí mò ń gbé, rédíò kékeré wà létí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, BBC Haúsá ni wọ́n ń gbọ́. Ọdún 1957 ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira pàápàá! Ti Yorùbá ò dé títí di ọdún 2018. Ìyẹn ni pé nígbà tí bàbá mi ń nawọ́ pé ká dákẹ́ l'Ékìtì, àwọn bàbá yìí ti gbọ́ tiwọn láti Lọ́ńdọ̀nù, lédè tiwọn, wọ́n sì ti jiyàn lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n mọ nǹkan tó ń lọ ní Sudan àti ní Pákísítánì ju bí wọ́n ṣe mọ nǹkan tó ń lọ l'Ábẹ́òkúta lọ. Nípa tiwa, fíìmù ni wọ́n mọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìyá mi àti bàbá mi, inú káséètì fídíò ló ti wá.

Ọ̀rẹ́ kan tí mo ní níbẹ̀, tíṣà ni òun náà, ọmọ Kàtsínà gan-an, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Kannywood sí mi létí. Orúkọ tí àwọn tó wà nídìí eré ní Kánò fún ara wọn nìyẹn lọ́dún 1999. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 2002, oníròyìn New York Times kan wá pe iṣẹ́ fíìmù Nàìjíríà ní Nollywood nínú ìwé ìròyìn tiwọn, orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ wa lára títí dòní. Ó jọ mí lójú nígbà tí mo wá rò ó pọ̀ mọ́ ti Nàìjíríà fúnra ẹ̀, ṣebí inú ìwé ìròyìn bákan náà ni oníròyìn òyìnbó kan, Flora Shaw, ti kọ́kọ́ dábàá orúkọ yẹn, The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1897. Orúkọ orílẹ̀-èdè, oníròyìn òkèèrè. Orúkọ fíìmù tó ń sọ irú ẹni táwọn ará orílẹ̀-èdè náà jẹ́, oníròyìn òkèèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti Yorùbá yàtọ̀. Màmá àgbà mi, Èkìtì ni wọ́n pe ara wọn títí wọ́n fi kú, tí wọ́n bá sọ pé Yorùbá, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń bá wí. Mo máa ń rò pé àìkàwé ló fà á, mo tún máa ń tún un ṣe fún wọn, ó ń dùn mí báyìí torí àwọn ni wọ́n tọ̀nà, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló ń bá Ìbàdàn jà, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń yìnbọn sí ara wọn, ẹni tó bá sọ fún wọn lójú ogun pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ó máa fojú rí nǹkan. Ta ló wá sọ wá di ọ̀kan? Odùduwà kọ́ nìkan o. Ìwé Ìròyìn tí Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859, ó ti kọ ọ́ sójú ìwé pé ti àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ túmọ̀, èdè Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékìtì, ìyẹn ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ìyẹn ni rédíò wá gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ so wá pọ̀, rédíò sì wá dè é le.

Inú mi dùn pé a jẹ́ ọ̀kan, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnì kan ló jókòó tó yan èdè, tó yan ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì yàn ló di àwa.

Ó yá, ẹ wá bá mi ní Ìdúmọ̀tà lọ́dún 2003. Àwọn tí kò débẹ̀ nígbà yẹn ò lè mọ bó ṣe rí. Ṣọ́ọ̀bù lórí ṣọ́ọ̀bù, pósítà lára ògiri títí dé òrùlé, agbọ́hùnsókè ń pariwo fíìmù tuntun, àwọn tó ń rà ní méjìlá méjìlá wá láti Ìlọrin, láti Kútọnu, láti Kánò. Máàkẹ́tà kan, ìyẹn àwọn tó ń gbé fíìmù jáde tí wọ́n sì ń tà á, ló gbà mí, wọ́n gbọ́ pé mo kàwé, pé mo lè tẹ kọ̀ǹpútà kíákíá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lórí fíìmù kan, apá kìíní àti apá kejì pọ̀ o, wọ́n sì fẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ méjì torí ọjọ́ Ajé ni fíìmù gbọ́dọ̀ jáde. Lọ́sẹ̀ míì mo máa ṣe mẹ́ta. Kò sí ìwé eré tí wọ́n fún mi, ojú àti etí mi ni mo fi ń ṣe é, mo gbọ́, mo dá a dúró, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún jẹ́ kó máa lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, ohun tí mi ò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn.

Nínú irú eré sísá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sí èèyàn lọ́wọ́ ló máa tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kó o fún mi. Tí òṣèré bá ní Èṣù, mo máa kọ "devil". Ó ní òrìṣà, mo kọ "idol". Babaláwo, "native doctor". Oògùn, ì báà ṣe èyí tí wọ́n gún fún ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, "juju" ni. Bàbá kan nínú fíìmù máa jókòó síwájú ọpọ́n Ifá, á ki ẹsẹ̀ Ifá tó gùn, tó jinlẹ̀, tó mú ọgbọ́n dání, mo máa kọ "incantation" sísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì akọmọ méjì, mo sì máa jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ títí bàbá á fi parí. Ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á máa rí bàbá arúgbó kan tó ń pariwo sójú afẹ́fẹ́, kí ló máa rò? Ohun tí ọmọ Kàtsínà rò náà ni.

Ti Èṣù yẹn ló ń ká mi lára jù. Crowther àtàwọn yòókù ló mú orúkọ òrìṣà kan, ìránṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tó ń ṣọ́ oríta, wọ́n fi túmọ̀ "devil" nínú Bíbélì. Gbólóhùn kan nínú ìwé kan, ó lé ní àádọ́jọ ọdún báyìí, kò sí ẹni tó lè fà á yọ lórí ọmọ Yorùbá mọ́. Èmi wá gbé e síwájú, mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fíìmù tí wọ́n ń wò ní Aba, ní Jọ́s àti ní Accra. Ẹnì kankan ò rán mi níṣẹ́ ibi, mo kàn ń sáré parí iṣẹ́ mi ni.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà. "Ẹ kú ewu" tí wọ́n ń kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, "congratulations" ni mo máa ń kọ, ewu yẹn ti bọ́ sọnù, ìrìn tí obìnrin yẹn rìn dé ẹnu ikú tó sì padà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó dàgbà sí Aba bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí àwọn obìnrin inú fíìmù Yorùbá ń pe obìnrin bíi tiwọn ní "my wife". Mo ní háà! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ni! Gbogbo mọ̀lẹ́bí ọkọ ló ní ìyàwó, àtọkùnrin àtobìnrin. Òun ò mọ̀, ta ló máa sọ fún un? Èmi tó yẹ kí n sọ fún un, mo ti kọ "my wife", mo ti gba owó mi.

Ọ̀rẹ́ kan náà yìí, ọmọbìnrin Yorùbá ló fẹ́ fẹ́, nígbà tó sọ fún ìyá ẹ̀ nílé, ìyá fi ọwọ́ lérí, wọ́n ní kó má jẹun lọ́wọ́ ìyá ọmọ yẹn láéláé, wọ́n ti rí ohun tí ìyá ìyàwó Yorùbá máa ń fi sínú ọbẹ̀. Ibo ni wọ́n ti rí i? Wọn ò tíì gbé láàárín Yorùbá rí lọ́jọ́ ayé wọn. Wọ́n tiẹ̀ sọ gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe kà á lójú tẹlifíṣàn, mi ò lè búra pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n padà fẹ́ra o, wọ́n ti bímọ mẹ́ta, ìyá àti ìyá ti di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi bẹ ìyá yẹn.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ wo ohun táwa náà fi àwọn ẹlòmíì ṣe nínú fíìmù tiwa. Ọmọ Ìgbò inú fíìmù Yorùbá, oníṣòwò ni, á máa fa ọ̀rọ̀ bíi rọ́bà, owó nìkan ló mọ̀. Ọmọ Calabar, ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Haúsá, mẹ́gáàdì ni, á wọ fìlà, á mú ọ̀pá dání, á sùn lẹ́nu géètì, ọ̀gá á fi ìpá jí i, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Tó bá sọ Yorùbá tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á ní kí n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá wá sọ Haúsá, mo máa kọ "speaks Hausa", ó parí, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ pé ajá gbó. Èmi tí mo gbé ọdún kan gbáko láàárín wọn, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí mo gbọ́ Haúsá níwọ̀nba!

Èyí tó wá dun mí jù, ọjọ́ kan ni máàkẹ́tà pè mí, fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ni, ìyá arúgbó kan wà nínú ẹ̀ tó ń sọ Èkìtì. Wọ́n ní, "Àǹtí, èyí tí màmá yìí ń sọ, ẹ bá wa fi pijin kọ ọ́, àwọn tó kù ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì gidi kọ tiwọn." Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní kó lè pani lẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn sọ ló ní làákàyè, òun nìkan ló tiẹ̀ ń sọ òótọ́ nínú eré yẹn, àmọ́ nígbà tí mo ṣe tán, ó ti di òmùgọ̀. Ohùn ẹ̀ dà bí ohùn màmá àgbà mi gẹ́lẹ́. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹun.

Lọ́dún 2009, Mínísítà fún Ìròyìn nígbà náà, Dora Akunyili, Ọlọ́run bá wa tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wọ́n gbé ètò kan jáde láti tún orúkọ Nàìjíríà ṣe, "Good People, Great Nation" ni wọ́n fi ń pariwo ẹ̀. Lọ́dún kan náà ni District 9, fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní South Africa, jáde, tí wọ́n fi Nàìjíríà ṣe ọ̀daràn àti ajẹ̀nìyàn nínú ẹ̀, mínísítà sì ní kí àwọn ilé sinimá wa má ṣe fi hàn. Inú bí mi sí fíìmù yẹn, ó bí mi gan-an, ó yẹ kó bí wọn náà. Àmọ́ bí mo ṣe ń bínú ni ohùn ọmọ Kàtsínà yẹn ń dún sí mi létí. Ṣé àwọn tó kọ eré yẹn, wọ́n lálàá ẹ̀ ni? Káàkiri Áfíríkà ni wọ́n ti ń ra fíìmù wa. A ti fi ọdún bíi mẹ́tàdínlógún sọ fún gbogbo ayé, nínú káséètì àti VCD tiwa, pé bá a ṣe ń lówó nìyí, àwọn kan wá gbà wá gbọ́. Mi ò sọ pé wọ́n jàre. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ètò mínísítà yẹn, pẹ̀lú gbogbo ọkàn tí wọ́n fi ṣe é, kò pẹ́ tó fi rọlẹ̀, fíìmù sì ń lọ. Ìjọba á ti ètò àtúnṣe ìwà bíi WAI bọ̀, á ti MAMSER bọ̀, á gbé òmíràn dé, ẹni tó bá jókòó ti fíìmù fún wákàtí méjì lálẹ́ ò ní rántí ọ̀kankan nínú wọn.

Ọdún 2010 ni mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo lọ ń kọ́ni.

Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ibi nìkan ni fíìmù àti orin ṣe, irọ́ gbáà ni. Wo aṣọ ẹbí. Nígbà tí mo wà ní kékeré nǹkan Yorùbá ni, lónìí ẹ lọ síbi ìgbéyàwó l'Ówerri, ní Benin, l'Ábújá, ẹ máa bá a níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè tí wọ́n wé bíi ti ìyá Ìbàdàn. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ló rí i, ọkàn ló fẹ́ ẹ. Níbi ìpàgọ́ àgùnbánirọ̀ náà, alẹ́ ọjọ́ kìíní ẹnì kankan ò mọ ẹnì kankan, ọmọ Tiv wà níbẹ̀, ọmọ Ìjọ́ wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣáà sín òṣèré kan jẹ, bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń yọ ojú, gbogbo yàrá ló mọ ẹni tó ń sín jẹ, a rẹ́rìn-ín títí a ò lè mí mọ́. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ní ká kọ láàárọ̀ kò ṣe ìyẹn fún wa. Òun náà sì ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn òbí wa, wọ́n pa ti 1960 tì lọ́dún 1978, wọ́n tún gbé e padà lọ́dún 2024.

Ohun tó dá mi padà sídìí subtitle ni ọ̀rọ̀ Lionheart. Lọ́dún 2019, Nàìjíríà fi fíìmù sílẹ̀ fún Oscar ní ìsọ̀rí ti ilẹ̀ òkèèrè, ìgbà àkọ́kọ́ wa nìyẹn, fíìmù Genevieve Nnaji. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Ìgbò inú ẹ̀ ò ju bíi ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, òfin wọn sì ni pé èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ariwo sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi náà pariwo. Àwọn wo ló fi Gẹ̀ẹ́sì sí wa lẹ́nu? Ìjọba wa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin, ilé ẹjọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dájọ́, Gẹ̀ẹ́sì lọmọ Ìgbò fi ń bá ọmọ Haúsá sọ̀rọ̀ ajé, báwo ni ẹnì kan ṣe máa jókòó ní Amẹ́ríkà kó sọ pé èdè yẹn kì í ṣe tiwa? Bí mo ṣe ń bínú lọ ni mo tún ń rò ó pé ó ti lé ní ogún ọdún táwọn onífíìmù Yorùbá ti ń fi èdè wọn ṣe fíìmù láìbẹ̀ ẹnikẹ́ni, tí ayé ò sì lè wọnú ẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà wọlé ni ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹni tó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ń sáré nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.

Mo padà. Iṣẹ́ náà ti yàtọ̀ báyìí, wọ́n ń fún wa ní ìwé eré, ọ̀pọ̀ wọn ní òfin pé ìlà kan ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà ò gbọdọ̀ ju méjì lọ lójú kan náà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi lẹ́tà 42 túmọ̀ "ẹ kú àṣẹ̀yìndè". Mo lè lo wákàtí kan lórí gbólóhùn kan ṣoṣo. Èṣù, mo ń fi í sílẹ̀ bó ṣe jẹ́ báyìí. Dírẹ́kítọ̀ kan, ọmọdékùnrin dáadáa ni, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí mi, àwọn ará ìta ò ní mọ̀ ọ́n o, ẹ bá mi kọ 'devil' síbẹ̀." Mo ní àbúrò, o máa ń wo fíìmù Jàpáàn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní tí wọ́n bá sọ pé samurai, ṣé wọ́n ń kọ ọ́ ní ṣọ́jà fún ẹ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Òmíì kì í gbà, mo sì ti dá owó iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì torí ẹ̀, kò sì rọrùn fún mi. Ẹsẹ̀ Ifá náà, mo ń wá ẹni tó gbọ́ ọ, mo ń túmọ̀ ẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, òmíì wà tó jẹ́ pé òun ló ga jù nínú gbogbo eré yẹn tí ẹnì kankan ò sì mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ máàkẹ́tà kan tó ti kú gbé àwọn fíìmù bàbá wọn fún mi, wọ́n fẹ́ gbé e sórí YouTube, wọ́n ní kí n tún subtitle wọn kọ. Ọ̀kan nínú ẹ̀, ọwọ́ mi ni, ti ọdún 2005. Mo dé ibi tí ọ̀gá ti fi ìpá jí mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì. Mo rántí ibẹ̀, mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é. Ọ̀gá ń bú u, ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku lára, ó ń kùn sínú ara ẹ̀ bó ṣe ń ṣí géètì, "speaks Hausa" wà nísàlẹ̀. Mo dá fíìmù dúró, mo dá a padà, mo fi agbọ́hùn sétí.

Haúsá gidi ni. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ fún un tàbí òun ló mú un wá látinú ara ẹ̀, ẹni tó ṣe eré náà ò sí níbi tí mo ti lè bi í. Ó ní: "Tun safe ban ci abinci ba."

Mo pa "speaks Hausa" rẹ́, mo kọ ọ́ pé látàárọ̀ òun ò tíì jẹun, lẹ́tà rẹ̀ ò tiẹ̀ pé 42, mo jẹ́ kó dúró títí ó fi ti géètì tán.